Ìyáàlù inú kọ̀ǹpútà mi ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ṣaworo há sí lọ́fun. Ẹ gbà mí o!

DùùrùKubwa, Abuja

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo máa ń ṣe orin fún àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó àti fún ẹgbẹ́ akọrin. Inú yàrá mi ní Kubwa níbí ni mo ti ń ṣe é: láptọ́ọ̀pù kan, kíbọ́ọ̀dù kan, ìnfátà kékeré kan tí kì í lè gbé fáànù àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Ìyàwó kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀ ní kí ìyáàlù dùndún máa kí òun bí òun bá ti ń wọ gbọ̀ngàn. Mo ní kò sí wàhálà, ìyáàlù wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Ohùn ìlù gidi ni, ẹnì kan lù ú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbà á sílẹ̀. Èmi wá ń fà á sókè, mò ń fà á wálẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù kó lè sọ̀rọ̀.

Kò dùn. Mo to ìró mìíràn lé e lórí, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀sì, títí ó fi pé méje. Ṣe ni ó tún bàjẹ́ sí i. Mo gbé e fún bàbá onílù kan ládùúgbò wa kí wọ́n gbọ́. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìlù rẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ṣaworo há sí lọ́fun." Wọ́n bá tiwọn lọ.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ò ti kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ fi synth, ẹ̀rọ tó ń dá ohùn sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kọ́ ohùn náà láti ìpìlẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Sawtooth, ìró synth tí àwòrán rẹ̀ rí bí eyín ayùn, àti filter, ohun tó ń gé lára ìró, ni mo mọ̀ ọ́n lò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Alákàrà_Nyanya

"Ṣaworo há sí lọ́fun." Bàbá yìí ti pa mí 😂 N kò mọ nǹkan kan nípa synth o, mo kàn gbé àga wá ni.

ỌmọAyàn_Kaduna

Ẹ̀gbọ́n Kubwa, bàbá yẹn ò bú yín o. Ohun tí wọ́n gbọ́ gan-an ni wọ́n sọ. Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé táyà ni mò ń tà ní Kaduna báyìí.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìlù náà kọ́ èjìká ná. Bí onílù bá fi apá fún ọṣán mọ́ra, kí ló ń yí padà? Awọ ni. Awọ á le, ohùn á gòkè. Ó bá dẹ ọwọ́, awọ á dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Igi ìlù ò yí padà. Ṣaworo tó wà létí awọ, idẹ ni, kò sẹ́ni tó fún un, ohùn tí alágbẹ̀dẹ fún un náà ló ní. Ìlù ń lọ sókè sódò, ṣaworo dúró síbi tó wà, ó kàn ń ṣe ṣìn-ìn ṣìn-ìn ni tiẹ̀. Kódà ẹ lè má lu ìlù rárá, ẹ kàn mì í, ṣaworo á fèsì.

Nígbà tí ẹ wá ń fa ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ lẹ fà pọ̀. Awọ gòkè, ṣaworo tẹ̀ lé e gòkè, igi náà di igi kékeré lójijì. Kò sí ìlù bẹ́ẹ̀ láyé. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ní ṣaworo ti wọ inú ọ̀fun.

Àdùkẹ́_Gwarinpa

Ohun tí ỌmọAyàn sọ yìí lẹ máa fi kọ́ ọ. Ẹ kó ìró méje yẹn dànù. Ẹ pín ìyáàlù sí ohun tó ń rìn àti ohun tó dúró, kí ẹ kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ohun tó ń rìn ni awọ. Bí okùn gìtá bá ń gbọ̀n ní 100 Hz, ìyẹn ìgbà ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ ó tún gbọ́ 200, 300, 400 nínú rẹ̀, ìlọ́po tó gún régé. Awọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Awọ rìbìtì tí wọ́n fà le dọ́gba yíká, ìlọ́po ìró inú rẹ̀ ni 1, 1.59, 2.14, 2.30, 2.65, 2.92. Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 120 Hz, ẹ ó ní 120, 191, 257, 276, 318 àti 350. Ẹ mú sine mẹ́fà, ìró tí kò ní ìlọ́po kankan nínú, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ti òkè máa tètè kú ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Kí ẹ wá so gbogbo wọn mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí nọ́ńbà yẹn bá gòkè, kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ gòkè. Nọ́ńbà inú ìwé nìwọ̀nyí o. Ìyáàlù gidi ní awọ méjì, afẹ́fẹ́ sì wà láàárín wọn, nítorí náà ẹ máa fi etí sún wọn díẹ̀díẹ̀.

Pure Data, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ ohùn, tó fún un. Miller Puckette ló kọ ọ́, ọ̀fẹ́ ni, kò sì le fún láptọ́ọ̀pù tó ti gbó.

Ohun tó dúró: igi àti idẹ. Fún igi, filter kan tí ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kó rìn, èmi á bẹ̀rẹ̀ láti 400 Hz. Kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ, noise, ariwo ṣáá bíi ti rédíò tí kò mú ìkànnì, tí kò ju millisecond 8 lọ, kó dún kó sì ti kú. Ti idẹ, mo mọ̀ pé Bàbá Zaria wà níbí, àwọn ló ni ibẹ̀.

DùùrùKubwa

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí mi ò lè mú sawtooth kí n fi filter gé e títí á fi jọ idẹ? Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo fídíò tí mo wò ṣe ń ṣe.

Ẹlẹ́rọZaria

Kubwa, ọmọ mi, ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì rí? Filter, asẹ́ ni. Sawtooth, ọkà tí wọ́n lọ̀ ni. Gbogbo ìlọ́po ló wà nínú sawtooth, 1, 2, 3, 4 títí lọ. Square, ìlọ́po tí kì í ṣe ẹ̀jì-ẹ̀jì nìkan ló wà níbẹ̀, 1, 3, 5, 7. Asẹ́ á yọ èérí kúrò fún ọ, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí nínú ọkà, asẹ́ ò lè fi sínú ògì. Ohùn idẹ wà láàárín àwọn ìlọ́po, níbi tí sawtooth ò ní nǹkan kan. Bó o sẹ́ ẹ títí di ọ̀la, dùùrù lo máa rí.

Ohun tó ń ṣe idẹ ni wọ́n ń pè ní FM, kí ohùn kan máa mi èkejì. Ní 1967, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, John Chowning ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ohùn tó ń mì, irú èyí tí akọrin máa ń fi sí ìparí orin. Ó mú mímì náà yára, ó tún mú un yára sí i. Nígbà tó yára débi tí etí ò lè kà á mọ́, kò gbọ́ mímì mọ́. Ohùn mìíràn ló ń jáde. Sine méjì péré, ọ̀kan ń mi èkejì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìró sì ń bọ́ síta bí ẹni ń gbọn igi ọsàn. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1973, Yamaha gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ yunifásítì náà, nígbà tó di 1983 kíbọ́ọ̀dù wọn tó ń jẹ́ DX7 dé ọjà.

Ìṣirò rẹ̀ ò le. Mú 200 Hz, fi 280 Hz mì í. Ro 280 mọ́ 200, ó di 480. Tún ro ó mọ́ ọn, 760. Yọ 280 kúrò nínú 200, ó lọ sísàlẹ̀ òdo sí 80, etí á gbọ́ ọ bí 80 náà ni. Tún yọ ọ́, 360. Wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ: 80, 200, 360, 480, 760. Nọ́ńbà tí Chowning fúnra rẹ̀ fi ṣe agogo nínú iṣẹ́ 1973 yẹn nìyẹn, 200 àti 280. Ó sì jẹ́ kí agbára mímì náà máa relẹ̀ bí agogo ṣe ń kú lọ, nítorí náà ó máa ń tàn yanran níbẹ̀rẹ̀, á wá fẹ́lẹ́ lẹ́yìn.

Ṣaworo kéré ju agogo lọ. Gbé e sókè: 2,000 Hz, fi 2,820 mì í, kó kú kíákíá.

Ọmọ_SábóGàrí, Kano

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. 80, 200, 360, 480, 760: 40 pín gbogbo wọn láìṣẹ́ kù. Ṣé kì í ṣe ìlọ́po 40 nìyẹn? Ẹ sì ní idẹ kì í ní ìlọ́po tó gún.

Ẹlẹ́rọZaria

O káre. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń yẹ iṣẹ́ olùkọ́ wò ni mo fẹ́ràn, wọn ò pọ̀ ní kíláàsì mi nígbà ayé mi.

Òótọ́ ni. Ìlọ́po 2, 5, 9, 12, 19 ti 40 ni wọ́n. Ṣùgbọ́n 1 ò sí níbẹ̀, 3 ò sí, 4 ò sí, 6, 7, 8 ò sí. Bí wọ́n bá pe ẹbí kan jọ, tó jẹ́ ẹni márùn-ún péré ló wá, tí olórí ẹbí ò sì wá, ṣé o lè tara wọn mọ bí ojú bàbá wọn ṣe rí? Etí ò rí 40 yẹn mú. Agogo ló ń gbọ́. Bí o bá ṣì ń ṣiyèméjì, má lo 1.4, ìyẹn 280 tí a pín fún 200, lo 1.41. Wo ohun tí mo fún Kubwa, 2,000 àti 2,820. Ṣé o rò pé mo ṣèèṣì ni?

Ọmọ_SábóGàrí, Kano

Mo túúbá, Bàbá 🙏🏾

DùùrùKubwa

Iná ò tètè dé lánàá, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Dexed ni mo lò fún idẹ, torí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣe bíi DX7 gẹ́lẹ́. Algorithm 5 ni mo mú, ìyẹn ọ̀nà karùn-ún tó gbà so àwọn sine rẹ̀ pọ̀, níbi tí operator mẹ́fà, sine mẹ́fà yẹn, ti pín sí méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta. Nítorí náà ṣaworo mẹ́ta ni mo rí: 1.41 fún àkọ́kọ́, mo sún àwọn méjì yòókù díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà dún bákan náà. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, mo rẹ́rìn-ín nìkan nínú yàrá. Ṣìn-ìn! Idẹ ni.

Ìṣòro kan wà. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó dùn. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ líle, ìró kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń họ etí bí èékánná lára páànù. Kì í ṣe ariwo idẹ.

Àdùkẹ́_Gwarinpa

Ẹ ti mì ín jù. Bí ẹ bá lo 44,100 sample, ègé ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kà, ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn tó ga jù tí kọ̀ǹpútà yín lè gbé ni 22,050 Hz. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀ kì í kú, ńṣe ló ń padà wálẹ̀ láti òkè bí bọ́ọ̀lù tó kan àjà. Ẹ ṣírò rẹ̀: 2,000, ẹ ro 2,820 mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 30,200. Ó kọjá àjà. Á padà wá bí 13,900, kò sì sẹ́ni tó pè é. Ẹ dín agbára mímì náà kù, tàbí kí ẹ lo èyí tó lè ṣiṣẹ́ ní 88,200 kó tó sọ ọ́ kalẹ̀ sí 44,100.

Ohun kan tún. Ṣaworo kì í dún lẹ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹgọ́. Ẹ fi wọ́n sẹ́yìn díẹ̀, millisecond 4, 7, 11, kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn wọlé.

Ọmọ_SábóGàrí, Kano

Ọ̀rọ̀ "tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, tẹ̀ ẹ́ líle" yìí rán mi létí nǹkan. Ẹni tó bá ti dúró níbi Hawan Sallah, ìgẹṣin ọjọ́ ọdún, ní Kano níbí á ti gbọ́ kàkàkí nítòsí. Fèrè irin tó gùn ju ẹni tó ń fọn ọ́n lọ. Tí wọ́n bá fọn ọ́n jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ á ṣú. Tí wọ́n bá fi gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ fọn ọ́n, kì í ṣe pé ariwo rẹ̀ pọ̀ sí i nìkan, ohùn náà á là, á mú bí ọ̀bẹ. Mo ti lo oṣù méjì lórí rẹ̀ pẹ̀lú FM. Sine méjì, 1 sí 1, gbogbo àṣírí rẹ̀ kò ju pé kí agbára mímì máa bá ariwo gòkè, kó sì máa bá a sọ̀kalẹ̀. Ọ̀nà tí Chowning gbà ṣe ohùn idẹ tí wọ́n ń fọn náà nìyẹn. Ẹ so velocity kíbọ́ọ̀dù yín, ìyẹn bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ líle tó, mọ́ mímì ṣaworo, kí ẹ sì fi òdiwọ̀n sí i kó má baà kan àjà.

Mo tún ń ṣe kòǹtìgì, olókùn kan ṣoṣo yẹn, Karplus-Strong, ọ̀nà tí Karplus àti Strong là sílẹ̀, ni mo fi ń ṣe é. Ẹ da noise sínú ìlà sample 401, ẹ máa yí i ká, kí ẹ máa ro sample méjì-méjì tó tẹ̀ léra wọn pọ̀, kí ẹ sì pín in sí méjì. 44,100 tí ẹ bá pín in fún 401, nǹkan bí 110 Hz ni. Okùn gidi lẹ máa gbọ́, ìṣirò tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe! Ó tún wà nínú iṣẹ́ àwọn méjèèjì ní 1983 pé bí ẹ bá ń yí àmì sample padà láìròtẹ́lẹ̀, okùn á di ìlù...

Alákàrà_Nyanya

Ará Kano, ìyàwó ń dúró ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn o. Ṣí ojú ewé tìrẹ fún kòǹtìgì, a ó wá bá ọ níbẹ̀.

ÌlùGidi_Jos

Mo ti ń kà láti òkè, mo sì ti ń mú un mọ́ra. Onílù pọ̀ ní Abuja. Ẹ lè fi owó tí ẹ ń ra dátà yìí pe ẹnì kan. Àfi kí ẹ máa kọ́ ìlù irọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọmọ wo ló máa fẹ́ kọ́ṣẹ́ ìlù?

ỌmọAyàn_Kaduna

Ẹ̀gbọ́n Jos, èmi ọmọ onílù ò bínú, kí ló dé tí ẹ̀yin ń bínú? Bàbá mi ò kọ́ mi ní ìlù mọ́ nígbà tí òde ò fi bẹ́ẹ̀ sí, táyà ni wọ́n ní kí n lọ kọ́. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló lé mi kúrò nídìí ìlù. Ìgbà tí mo ka ohun tí Àǹtí Àdùkẹ́ kọ nípa awọ ni mo tó mọ ohun tí ọwọ́ bàbá mi ń ṣe ní gbogbo ọdún yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Kubwa, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ọ̀nà wo lẹ gbà ń sọ "ẹ káàbọ̀" lórí ìlù náà?

DùùrùKubwa

Mo tẹ àárín, mo tẹ òkè, mo tẹ ìsàlẹ̀, mo tún tẹ ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tẹ kíbọ́ọ̀dù. Glide sì wà lórí rẹ̀ kó máa yọ́ láti ọ̀kan dé èkejì.

ỌmọAyàn_Kaduna

Ẹ wò ó! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Onílù tó mọ̀ ọ́n kì í lu "káà" lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹgọ́ kan ni. Á ti fún ọṣán kọ́wọ́ tó sọ̀kalẹ̀. Kọ̀ǹgọ́ á kan awọ nígbà tó le, "ká", lójú ẹsẹ̀ á dẹ apá, ohùn kan náà á máa ṣubú, "à", kò ní tún lù ú. "bọ̀" ló tún ń gba kọ̀ǹgọ́ tirẹ̀. Ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ ó rí i pé ẹnu yín náà kì í dá "káà" dúró láàárín.

Glide tiyín ń yọ́ láti ohùn tó kọjá dé èyí tó ń bọ̀, nítorí náà gbogbo ohùn ló ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ìlù yín ń kọ́kọ́ wá ohùn, kó tó sọ ọ́. Bí òyìnbó tó ń kọ́ Yorùbá.

Ẹlẹ́rọZaria

Ó tó. Pa glide, Kubwa. Fún nọ́ńbà ìsàlẹ̀ awọ ní envelope tirẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lókè, kó ṣubú láàárín nǹkan bíi millisecond 150. Má jẹ́ kó ṣubú lọ́nà tó gún bí òpó. Kó yára níbẹ̀rẹ̀, kó rọra balẹ̀. Apá èèyàn ni.

DùùrùKubwa

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé o. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Sine mẹ́fà fún awọ nínú Pure Data, mo sún ti kẹta sókè díẹ̀ torí 2.14 ò bá ìlù tí mo ń fi wé e mu. Filter igi dúró sí 380, n kò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ṣaworo mẹ́ta ń tẹ̀ lé kọ̀ǹgọ́. Nígbà tí mo tẹ "káà" ní ẹ̀ẹ̀kan tí ìlù ṣubú fúnra rẹ̀, tí ṣaworo sì dúró síbi tó wà, ọwọ́ mi gbọ̀n.

Mo tún gbé e lọ bá bàbá onílù. Àwọn ni mo ti bẹ̀ kí wọ́n wá kí ìyàwó lọ́jọ́ náà gan-an, a ti ṣàdéhùn owó, ìlù kọ̀ǹpútà á kàn máa dún nínú fídíò. Ẹ̀gbọ́n Jos, ẹ fọkàn balẹ̀.

Bàbá fetí sí i lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ṣaworo ti jáde nínú ọ̀fun. Wọ́n tún ní kí n tẹ oríkì ìyàwó. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá bi mí pé, "Kí lo ní orúkọ ìyàwó ń jẹ́?" Mo ní Àjọkẹ́. Wọ́n ní, "Ta wá ni Àbẹ̀kẹ́ tí ìlù ń kí yìí?"

Àdùkẹ́_Gwarinpa

Háà! Ohùn àárín ẹ dà? Hz mélòó lẹ fi sí?

DùùrùKubwa

Ìsàlẹ̀ 120, àárín 130, òkè 190. Mo rò pé ó ti yàtọ̀ tó.

ỌmọAyàn_Kaduna

Kò yàtọ̀ tó rárá. "jọ" ti ṣubú sínú "bẹ̀". Ẹ gbé àárín lọ sí 150.

Alákàrà_Nyanya

Ẹ yára gbé e o, kí ọkọ ìyàwó má baà máa ṣàlàyé ẹni tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ níwájú àna 😂😂

DùùrùKubwa

Mo ti gbé e sí 150. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ báyìí lórí ìnfátà, iná ti lọ. Àjọkẹ́ ni.